Bí A Kò Bá Rí Àdán: Ìtàn Ilé Ìdáná ní Festac Town

Ní ọjọ́ 15 oṣù Kìn-ín-ní ọdún 1977 ni ayẹyẹ àgbáyé ẹlẹ́ẹ̀kejì fún iṣẹ́ ọnà àti àṣà àwọn ènìyàn dúdú bẹ̀rẹ̀ ní Èkó. Ọjọ́ 12 oṣù Kejì ni ó parí. Orílẹ̀-èdè tí àlejò ti wá lé ní 50. Kí wọ́n lè rí ibi sùn, ìjọba àpapọ̀ kọ́ ìlú tuntun kan sí ilẹ̀ Amúwo-Ọ̀dọ̀fin, lẹ́bàá títì tí ó lọ sí Àgbádárìgì. Ilé tí ó wà níbẹ̀ ju 5,000 lọ, owó epo rọ̀bì ni a sì fi kọ́ ọ. Orúkọ ayẹyẹ náà ni ìlú náà ń jẹ́ títí di òní: Festac Town.

Àwọn òpìtàn kì í gbàgbé ijó, eré orí ìtàgé àti ère tí ó jẹ́ àmì ayẹyẹ náà. Ojú Ìyọba Idia ti Benin ni ère ọ̀hún, eyín erin ni a fi gbẹ́ ẹ. Ilé ìṣẹ̀ǹbáyé British Museum ní Lọ́ńdọ̀nù ni ó wà, wọ́n sì kọ̀ láti yá Nàìjíríà lò. Kí ni a ṣe? Agbẹ́gilére ọmọ Benin ni ó gbẹ́ òmíràn. Bí a kò bá rí àdán, à ń fi òòbẹ̀ ṣẹbọ. Òwe yìí gan-an ni ó di ìgbé ayé àwọn tí wọ́n jogún ilé àwọn àlejò.

Nígbà tí àlejò lọ tán, Federal Housing Authority, tí a dá sílẹ̀ ní 1973, pín àwọn ilé náà fún ará ìlú. Kèké ni wọ́n ṣẹ́. Àwọn òṣìṣẹ́ ọba, olùkọ́, nọ́ọ̀sì àti oníṣòwò kó wọlé. Ilé ìdáná wọn ní omi ẹ̀rọ àti iná mànàmáná, ṣùgbọ́n ẹni tí ó ya àwòrán ilé náà kò rántí odó, kò rántí ọlọ, bẹ́ẹ̀ ni kò rántí ibi tí èéfín yóò gbà. Ẹni tí ó bá ń gún iyán ní òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ní láti tẹ́ àpò tàbí táyà àlòkù sí abẹ́ odó, kí ará ìsàlẹ̀ lè ráyè sinmi. Ilé tí a kọ́ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́rin ni wọ́n ní láti sọ di ibùgbé ọmọ ènìyàn.

Ilẹ̀ náà kì í ṣe aṣálẹ̀ kí ìjọba tó dé. Àwọn Àwórì ti ń gbé ibẹ̀ pẹ́. Ní àwọn abúlé etí omi, ẹja ni wọ́n ń pa, àgbọn ni wọ́n ń gbìn. Wọn kì í ju èèpo àgbọn nù: iná ni wọ́n fi ń dá, wọ́n sì fi ń yan ẹja. Màrìwò ni wọ́n fi ń ṣe ọgbà, ọ̀wá rẹ̀ ni wọ́n fi ń ṣe ìgbálẹ̀. Ẹ̀kọ́ tí ará ìlú tuntun yóò nílò ti wà ní ẹnu ọ̀nà rẹ̀ tẹ́lẹ̀.

Kò pẹ́ tí ó fi nílò rẹ̀. Owó epo rọ̀bì já wálẹ̀. Ní oṣù Kẹrin 1982, ìjọba Shehu Shagari gbé òfin ìsúnná jáde. Nígbà tí yóò fi di 1984, ènìyàn ń tò sórí ìlà nítorí ìrẹsì, mílíìkì, ṣúgà àti ọṣẹ. Ní 1985, ìjọba fòfin de ìrẹsì òkèèrè. Ní 1986, ètò àtúntò ọrọ̀ ajé, èyí tí gbogbo ènìyàn mọ̀ sí SAP, gbé náírà ṣubú: dọ́là kan tí kò tó náírà méjì kí ètò náà tó bẹ̀rẹ̀ ti lé ní náírà méje ní 1989. Ní 1987, ìjọba fòfin de àlìkámà, búrẹ́dì sì di ohun tí à ń fi ojú wò.

Àwọn ìyá kò jókòó sunkún. Wọ́n fi iṣu sísè àti ọ̀jọ̀jọ̀ dípò búrẹ́dì. Ẹ̀wà sóyà, tí àwọn onímọ̀ International Institute of Tropical Agriculture ní Ìbàdàn ń polongo rẹ̀ láti 1987, di mílíìkì àti wàrà. Ọgbọ́n wà nínú rẹ̀: omi gbígbóná ni a kọ́kọ́ ń da ẹ̀wà náà sí kí òórùn rẹ̀ lè kú, lẹ́yìn náà ni a óò lọ̀ ọ́, tí a óò sẹ́ ẹ, tí a óò sè é, bí a bá ta omi ọsàn wẹ́wẹ́ tàbí omi ògì kíkan sí i, yóò dì bíi wàrà àwọn Fúlàní. Èyí tí kò bá di mílíìkì yóò bọ́ sínú ògì ọmọ. Ní ẹ̀gbẹ́ ilé, níbi tí ìjọba ní kí koríko wà, tẹ̀tẹ̀, ewédú, ilá àti àgbàdo ń hù.

Agolo kò sì níye mọ́ iṣẹ́ tí ó ń ṣe. Agolo mílíìkì ni a fi ń se mọ́ínmọ́ín nígbà tí ewé bá wọ́n, òun náà ni a fi ń ṣe àtùpà. Bí a bá fi ìṣó lu agolo ńlá, ó di ohun tí a fi ń rin ilá àti ìsú ewùrà. Agolo tòmátò De Rica di òṣùwọ̀n ọjà, orúkọ rẹ̀ sì wọ èdè: dẹ́ríkà ìrẹsì, dẹ́ríkà ẹ̀wà. Ìró tí ó gbó ní àárín di aṣọ ọmọ, èyí tí ó kù di ìnusẹ̀.

Nígbà tí àwọn òṣìṣẹ́ epo dáṣẹ́ sílẹ̀ ní oṣù Keje 1994, lẹ́yìn tí ìjọba ológun ti fagi lé ìbò June 12, kẹrosíìnì di góòlù. Ìyẹ́ igi láti ọ̀dọ̀ àwọn alágbàpákó ni ó gba ilé là. Ìgò ni a ń gbé sí àárín agolo tí a ti lu ihò sí nísàlẹ̀, a óò ki ìyẹ́ igi yí i ká, a óò gún un kí ó le, a óò sì rọra yọ ìgò náà. Bí a bá ṣáná sí i láti ìsàlẹ̀, ó lè jó títí ẹ̀wà yóò fi jinná.

Àwọn kan yóò ní òṣì ni èyí, pé kò yẹ ní yíyìn. Òótọ́ wà nínú ọ̀rọ̀ wọn. Èéfín ìyẹ́ igi kò dára fún ẹ̀dọ̀fóró, wákàtí tí àwọn obìnrin fi lọ sóyà kò sí nínú ìwé ìṣirò ìjọba kankan, bẹ́ẹ̀ ni ọgbọ́n ìyá kì í ṣe àwáwí fún aláṣẹ tí ó ba ọjà jẹ́. Ṣùgbọ́n ẹ̀kọ́ tí ìyà fi kọ́ni kò yẹ kí ó bá ìyà lọ. Láti ọjọ́ 29 oṣù Karùn-ún 2023 tí ìjọba ti kéde pé owó ìrànwọ́ orí epo bẹntiróòlù ti parí, tí náírà sì tún ṣubú ní oṣù tí ó tẹ̀ lé e, ọ̀pọ̀ ilé tí ń lo gáàsì ti padà sórí èédú. Ìyàwó ilé tí kò tíì bí ní 1987 ń wá ọ̀nà tí yóò fi bọ́ ọmọ láìra mílíìkì.

Centre for Black and African Arts and Civilization, tí a dá sílẹ̀ ní 1979, ni ó ń tọ́jú ìwé àti fọ́tò ayẹyẹ 1977. Ó dára bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀sẹ̀ mẹ́rin péré ni ayẹyẹ náà lò ní Festac Town. Àwọn ìyá ti dáná níbẹ̀ fún ohun tí ó lé ní ogójì ọdún. Àwọn tí wọ́n gba kọ́kọ́rọ́ ní ìgbà náà ti di arúgbó, ọ̀pọ̀ ti papòdà. Kí ọmọ àti ọmọ-ọmọ wọn jókòó tì wọ́n nísinsìnyí, kí wọ́n béèrè, kí wọ́n sì kọ ọ́ sílẹ̀.