Yàrá Tí Kò Sí Nínú Fọ́tò: Ìtàn Àwòrán Inú Ilé Títí Dé Ìdímù

Ilé ni à ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Ṣùgbọ́n nínú fọ́tò tí àwọn Yorùbá ti ń yà láti ìgbà tí kámẹ́rà ti dé Èkó, ọmọ ni à ń rí, a kì í sábà rí ilé. Ẹni tó bá ṣí álíbọ́ọ̀mù ìdílé kan ní Ìdímù yóò rí ìkómọjáde, ìgbéyàwó, ìsìnkú àgbà àti ọdún Iléyá. Yóò rí gèlè, agbádá àti bàtà tuntun. Bí ó bá wá bèèrè bí ilé ìdáná ìyá àgbà ti rí, tàbí ibi tí gbogbo ará ilé ti ń wẹ̀ ní ọdún 1975, fọ́tò kan ṣoṣo kì í sábà sí tí yóò dá a lóhùn. Ọ̀rọ̀ náà kan ìmọ́lẹ̀, ó kan ìtìjú, ó sì kan owó.

Ìmọ́lẹ̀ ni oúnjẹ kámẹ́rà, inú ilé sì ni oúnjẹ yìí ti wọ́n jù. Ní oṣù kẹjọ ọdún 1835, ọkùnrin ará Gẹ̀ẹ́sì kan tí ń jẹ́ William Henry Fox Talbot gbé kámẹ́rà kékeré kan kalẹ̀ nínú ilé rẹ̀ ní Lacock, ó kọ ojú rẹ̀ sí fèrèsé. Fọ́tò náà ṣì wà títí di òní, kò sì fi bẹ́ẹ̀ tóbi ju sítáǹbù ara lẹ́tà lọ. Talbot kọ ọ́ sílẹ̀ pé nígbà tí òun kọ́kọ́ yà á, ènìyàn lè fi gíláàsì tí ń mú nǹkan tóbi ka nǹkan bí igba (200) awẹ́ gíláàsì tó wà lára fèrèsé náà. Fèrèsé nìkan ló hàn ṣá o. Kò sí àga, kò sí tábìlì. Ojú ibi tí ìmọ́lẹ̀ gbà wọlé ni kámẹ́rà rí, kò rí yàrá tí ìmọ́lẹ̀ náà wọ̀.

Nítorí èyí, ènìyàn ni ó ń jáde nílé lọ bá kámẹ́rà, kámẹ́rà kì í wọlé bá ènìyàn. Àwọn ayafọ́tò kọ́ sítúdíò tí ìmọ́lẹ̀ ọ̀sán lè wọ̀ dáadáa, tàbí kí wọ́n ta aṣọ sí ìta gbangba. Bẹ́ẹ̀ náà ni ó rí ní Èkó. George S. A. Da Costa fi iṣẹ́ ilé ìtàwé CMS sílẹ̀ ní 1895 láti máa ya fọ́tò. Ní 1896 ni N. Walwin Holm, tí ó ti Accra wá, ṣí sítúdíò tirẹ̀. Ilé ńlá tí fèrèsé rẹ̀ gbòòrò ṣeé yà ní inú. Yàrá kékeré kò ṣeé yà.

Ẹ̀tù ni ó kọ́kọ́ ṣí ilẹ̀kùn yàrá kékeré. Ní 1887, àwọn ará Jámánì méjì, Adolf Miethe àti Johannes Gaedicke, po ẹ̀tù kan tí mágnísíọ̀mù wà nínú rẹ̀. Bí iná bá kàn án, a kọ mànà bíi mànàmáná, yàrá tó ṣókùnkùn a sì mọ́ kedere. Jacob Riis, ọmọ ilẹ̀ Dẹ́ńmáàkì tí ó ń kọ ìròyìn ọ̀ràn ọlọ́pàá ní New York, ka ìròyìn ẹ̀tù yìí, ó sì gbé e wọ ilé àwọn tálákà lóru. Ọ̀kan nínú àwọn fọ́tò rẹ̀, tí ó yà ní òpópónà Bayard ní 1889, fi àwọn ayálégbé hàn tí ń san sẹ́ńtì márùn-ún fún àyè tí wọn yóò sùn sí mọ́jú, tí wọ́n há mọ́ra wọn bí ẹja inú agolo. Ó tẹ ìwé rẹ̀ jáde ní 1890. Kì í ṣe fọ́tò nìkan ló bí òfin, ṣùgbọ́n fọ́tò wọ̀nyí wà lára ohun tó ta àwọn aráàlú jí, kí ìjọba ìpínlẹ̀ náà tó ṣe òfin 1901 pé kí yàrá kọ̀ọ̀kan nínú ilé tuntun ní fèrèsé, kí ilé ìgbọ̀nsẹ̀ sì wà nínú ilé. Àwọn tí ó yà ńkọ́? Riis kì í sábà tọrọ ààyè. Iná ẹ̀tù ni ó ń jí ọ̀pọ̀ nínú wọn lójú oorun. Ire tó wá tipa fọ́tò náà kò sọ pé kí a má sọ èyí.

Nílẹ̀ Yorùbá, yàrá tí a kùn sí aṣọ ni fọ́tò gbà. Ayafọ́tò a ta aṣọ sẹ́yìn oníbàárà, a ó ti fi ọ̀dà kun àtẹ̀gùn, òdòdó tàbí pálọ̀ ọlọ́lá sí i. Ará Amẹ́ríkà kan, Stephen Sprague, ṣe ìwádìí lórí iṣẹ́ fọ́tò nílẹ̀ Yorùbá ní 1975, ó sì tẹ àbájáde rẹ̀ jáde nínú ìwé àtìgbàdégbà African Arts ní 1978. Ó ṣàkíyèsí bí àgbà ti ń jókòó: yóò kọjú sí kámẹ́rà gan-an, yóò gbé ọwọ́ lé orúnkún, aṣọ rẹ̀ yóò sì tẹ́ rẹrẹ. Ó tún ṣàlàyé ti ìbejì: bí ọ̀kan bá ti kú, a ó ya èyí tó kù lẹ́ẹ̀mejì, a ó sì tẹ méjèèjì pọ̀ sórí ìwé kan kí wọ́n lè jókòó ti ara wọn. A ó kó fọ́tò bẹ́ẹ̀ sínú férémù, a ó gbé e kọ́ sókè nínú pálọ̀, níbi tí ọwọ́ ọmọdé kò lè tó. Pálọ̀ ni ilé fọ́tò, pálọ̀ fúnra rẹ̀ kò sì sí nínú fọ́tò.

Ẹni tó ṣe àṣà yìí débi tí ó fi di ẹ̀fẹ̀ àti ìrònú pọ̀ ni Philip Kwame Apagya ti ilẹ̀ Gánà, tí a bí ní 1958. Nínú sítúdíò rẹ̀ ní Shama, aṣọ ẹ̀yìn tí ó ń lò fi yàrá hàn tí tẹlifíṣọ̀n, fídíò àti fìríìjì tí oúnjẹ kún wà nínú rẹ̀. Ọ̀dà ni gbogbo rẹ̀. Oníbàárà yóò na ọwọ́ bí ẹni fẹ́ mú nǹkan nínú fìríìjì, yóò sì rẹ́rìn-ín. Kò sí ẹni tó parọ́ fún ẹnikẹ́ni níbẹ̀, nítorí gbogbo ẹni tó bá wo fọ́tò náà mọ̀ pé ọ̀dà ni.

Balùwẹ̀ ní tirẹ̀ kò sí lórí aṣọ kankan. Nínú agbo ilé, ẹ̀yìnkùlé ni ó wà, a fi màrìwò tàbí páànù ṣe ọgbà yí i ká, a tẹ́ òkúta sílẹ̀, omi ń gba ojú àgbàrá jáde. Kànhìnkànhìn àti ọṣẹ dúdú ni ènìyàn mú wọbẹ̀, kì í ṣe kámẹ́rà. Àlejò tí kò bá fẹ́ wẹ̀ kò ní ìdí láti yọjú síbẹ̀. Fíìmù sì wọ́n. Ta ni yóò fi ẹyọ kan nínú mẹ́rìndínlógójì (36) ya ibi tí a ti ń ṣan ẹsẹ̀?

Ìdímù ni a ti lè rí bí nǹkan ṣe yí padà. Ilẹ̀ Àwórì ni, ní ìjọba ìbílẹ̀ Alímọ̀ṣọ́. Láti 2003 ni ó ti wà lábẹ́ ìjọba ìdàgbàsókè Ẹ̀gbẹ́-Ìdímù. Bí àwọn ènìyàn ti ń wá ilé kúrò ní àárín ìgboro Èkó, ilé kún ojú ọ̀nà Ẹ̀gbẹ́dá, ti Ìkọ̀tún àti ti Èjìgbò. Ọ̀pọ̀ jẹ́ ilé tí yàrá kọjú sí yàrá, tí ọ̀dẹ̀dẹ̀ kan ṣoṣo là á já, tí balùwẹ̀ kan wà lẹ́yìn fún ìdílé mẹ́wàá. Kí ilẹ̀ tó mọ́, korobá ti tò sí ẹnu ọ̀nà rẹ̀, àwọn ọmọ iléèwé ni yóò kọ́kọ́ wẹ̀, àríyànjiyàn sì ń bẹ lórí ẹni tí ọjọ́ fífọ̀ kàn. Ìjọba Lateef Jákàńdè (1979 sí 1983) kọ́ ilé olówó pọ́ọ́kú sí Abẹ́sàn ní Ìpájà, tí balùwẹ̀ wà nínú fúláàtì. Ní báyìí, yàrá kan tó ní balùwẹ̀ tirẹ̀, èyí tí a ń pè ní sẹ́ẹ̀fù-kọ̀ntéènì, ni ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ ń wá. Balùwẹ̀ tí a ń fi pamọ́ tẹ́lẹ̀ wá di ohun tí a fi ń ta ilé.

Fóònù ni irinṣẹ́ náà. Láti nǹkan bí 2019, awò tí ń rí nǹkan fẹ̀ ti wọ́pọ̀ nínú fóònù. Ajẹ́ǹtì yóò dúró sí ẹnu ọ̀nà, yóò fẹ̀yìn ti férémù ilẹ̀kùn, yóò tẹ̀ ẹ́ sí awò yẹn, ògiri iwájú yóò sì sún jìnnà. Táìsì funfun ń da ìmọ́lẹ̀ fèrèsé kékeré padà, ó sì dà bí ẹni pé ibẹ̀ mọ́ ju bó ṣe mọ́ lọ. Bí díńgí bá wà lórí báṣíìnì, apá ajẹ́ǹtì yóò yọ nínú rẹ̀. Ìyẹn nìkan ni ènìyàn tí a lè rí níbẹ̀.

Ohun tí awò náà kò lè yí padà ni iye. Bí táìsì ilẹ̀ bá jẹ́ ọgbọ̀n (30) sẹ̀ǹtímítà ní ìbú, tí ẹni tó ń wo fọ́tò sì ka mẹ́rin láti ògiri dé ògiri, 120 sẹ̀ǹtímítà ni, bó ti wù kí ó fẹ̀ tó lójú. Akẹ́kọ̀ọ́ lè fi èyí dán ìṣirò wò. Ẹni tó wà ní Ìbàdàn tàbí lókè òkun tí kò kà á ti lè san owó ilé ọdún kan, èyí tí òfin ayálégbé Èkó ti 2011 sọ pé onílé kò gbọdọ̀ gbà kọjá lọ́wọ́ ayálégbé tuntun, kí ó tún fi owó àgírímẹ́ǹtì àti kọmíṣọ̀n lé e, kí ó tó dé tí yóò rí i pé ilẹ̀kùn balùwẹ̀ kò lè ṣí tán nítorí àga ìgbọ̀nsẹ̀. Aṣọ Apagya kò ṣe irú èyí. Owó ìran wíwò ni oníbàárà rẹ̀ san, ìran náà ni ó sì gbà lọ sílé.

Báyìí ni ó ṣe jẹ́ pé àwòrán ènìyàn láìsí yàrá ni àwọn òbí fi sílẹ̀, tí àwòrán yàrá láìsí ènìyàn sì ń pọ̀ sí i lójoojúmọ́. Korobá, kànhìnkànhìn, aṣọ ìnura tó rọ̀ sára ìṣó, orúkọ ọmọ tí a fi èédú kọ sí ara ògiri, ìwọ̀nyí ni ajẹ́ǹtì ń kó kúrò kí ó tó yà á. Bí ayálégbé bá sì ti san owó, tí ó gba kọ́kọ́rọ́, ajẹ́ǹtì a pa fọ́tò náà rẹ́ kúrò nínú fóònù, kí àyè lè wà fún ti ilé mìíràn.