Ọjọ́ Kìíní Adelé Olùkọ́ ní Ìkẹ́rẹ́

Aago mẹ́fà ààbọ̀ àárọ̀

Òjò ti ṣú bo àpáta Olósùnta nígbà tí ọlọ́kadà já adelé olùkọ́ náà sílẹ̀ lẹ́nu géètì ilé-ìwé. Ọmọ Ìsẹ̀ ni, ó ń gbé lọ́dọ̀ àbúrò ìyá rẹ̀ ní Ìkẹ́rẹ́-Èkìtì. Ó ti gba ìwé ẹ̀rí NCE nínú ìtọ́jú àti ẹ̀kọ́ àwọn ọmọ kéékèèké, ó sì ti pẹ́ tó ti ń wáṣẹ́. Alẹ́ Sátidé ni wọ́n pè é lórí fóònù pé olùkọ́ kan ní ilé-ìwé jẹ́lé-ó-sinmi kan ti bímọ, ṣé ó lè wá bá wọn dúró títí onítọ̀hún yóò fi padà? Ọjọ́ Ajé ló bẹ̀rẹ̀, nínú oṣù Kẹfà. Ó bẹ̀ mí pé kí n má dárúkọ òun, kí n má sì dárúkọ ilé-ìwé náà. Ohun tí mo tò sílẹ̀ níhìn-ín, ẹnu rẹ̀ ni mo ti gbọ́ ọ, àti ẹnu Màmá tó ń ran àwọn olùkọ́ lọ́wọ́ níbẹ̀.

Owó ojúmọ́ ni wọ́n bá a dá. Ọjọ́ tí kò bá wá, kò sí owó. Obìnrin tó wá dúró fún ní ẹ̀tọ́ lábẹ́ òfin iṣẹ́ ilẹ̀ wa sí ìsinmi ọ̀sẹ̀ 12, mẹ́fà kó tó bímọ, mẹ́fà lẹ́yìn tó bá bí i tán. Bó bá ti lo oṣù mẹ́fà lẹ́nu iṣẹ́, owó tí yóò máa gbà lásìkò náà kò gbọdọ̀ dín sí ìdajì. Ilé-ìwé yìí pa òfin náà mọ́, mo sì kí wọn fún un.

Aago méje

Ìyáàfin tó ni ilé-ìwé náà, tí tọmọdé tàgbà ń pè ní Mọ́mì, mú un wọ ọ́fíìsì. Ìwé àṣẹ ìjọba wà lára ògiri nínú férémù. Wọ́n fi ilé ìgbọ̀nsẹ̀ hàn án, wọ́n fi tánkì omi hàn án, wọ́n kó rẹ́jísítà lé e lọ́wọ́, wọ́n sì yára lọ dúró sẹ́nu géètì láti gba àwọn òbí. Gbogbo rẹ̀ kò gbà tó ìṣẹ́jú mẹ́wàá.

Ọmọ 22 ló wà nínú rẹ́jísítà, láti ọmọ ọdún méjì dé mẹ́rin. Ìlànà ìjọba àpapọ̀ lórí ètò ẹ̀kọ́ ni pé kí ọmọ 10 wà lọ́wọ́ olùtọ́jú kan ní kréṣì, kí 25 wà lọ́wọ́ olùkọ́ kan ní nọ́sìrì. Ṣùgbọ́n kréṣì àti nọ́sìrì ló jọ wà nínú yàrá yìí: àwọn kan ṣì ń lo pámpá, àwọn kan ti ń kọ A dé D. Bí ẹ bá fẹ́ fi ìlànà wọ̀n ọ́n, ẹ ó kọ́kọ́ pín ọmọ sọ́tùn-ún sósì.

Ìkẹ́rẹ́ kì í ṣe ìlú tí olùkọ́ wọ́n sí. Láti 1977 ni kọ́lẹ́ẹ̀jì tó ń kọ́ àwọn olùkọ́ ti wà níbẹ̀. Ní 2020 wọ́n sọ ọ́ di yunifásítì, wọ́n sì fi orúkọ Bámidélé Olúmilúà pè é, ọmọ ìlú náà tó ṣe gómìnà ìpínlẹ̀ Oǹdó kí Èkìtì tó dá dúró. Ọ̀dọ́bìnrin yìí mọ bí ọmọ ṣe ń dàgbà, ó mọ eré tó yẹ ọmọ ọdún mẹ́ta, ó mọ bí a ti ń kọ àkọsílẹ̀ ẹ̀kọ́. Àwọn ọmọ wọ̀nyí ni kò mọ̀, àwọn náà kò sì mọ̀ ọ́n.

Aago méje ààbọ̀

Ẹni tí kò bá tíì gba ọmọ lọ́wọ́ ìyá rẹ̀ ní kùtùkùtù ọjọ́ Ajé lè rò pé ẹkún lásán ni. Ọmọ ọdún méjì ti mọ Àǹtí tirẹ̀. Ó mọ òórùn rẹ̀, ó mọ bó ṣe ń gbé òun, ó mọ orin tó máa ń kọ bó bá ń bọ́ bàtà òun. Ó wá dé lónìí, àjèjì ló na ọwọ́ sí i. Ọmọ kan bú sẹ́kún, ìkejì gbà á, kó tó pẹ́ gbogbo yàrá ti ń ké.

Èyí tó le jù nínú wọn ni ọmọkùnrin kan tó di irin géètì mú. “Ulé! Ulé!” ló ń pariwo, ilé ló fẹ́ lọ. Ìyá rẹ̀ ti gun ọ̀kadà lọ. Adelé wa ṣe ohun tí wọ́n kọ́ ọ: ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ kí ojú rẹ̀ àti ti ọmọ lè ṣe déédéé, ó rẹ ohùn sílẹ̀, ó pè é ní orúkọ tó wà nínú rẹ́jísítà. Ọmọ náà kò tilẹ̀ wò ó. Ó tún un pè. Ńṣe ni ọmọ tún di irin mú sí i.

Ibẹ̀ ni Màmá bá wọn, tàwọn ti ìgbálẹ̀ lọ́wọ́. Ọjọ́ orí wọn ti lé ní ọgọ́ta. Àwọn ló ń gbálẹ̀, àwọn ló ń fọ póò, àwọn ló ń gbóúnjẹ kaná.

“Má pe orúkọ yẹn mọ́, ọmọ mi,” ni wọ́n wí. “Orúkọ bàbá bàbá rẹ̀ ni. Kò sí ẹni tó ń pè é bẹ́ẹ̀ nílé, ‘Baba’ ni wọ́n ń pè é. Kí i dáadáa.”

Adelé yíjú padà sí ọmọ náà. “Baba, ẹ káàárọ̀ o. Ẹ kú àárọ̀, Baba.”

Ọmọ náà dákẹ́, ó wo ojú rẹ̀, ó sì fi ọwọ́ kan sílẹ̀ lára irin náà. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú díẹ̀, ó fi èkejì sílẹ̀. Ó ní kí wọ́n gbé òun.

Aago mẹ́sàn-án

Òjò dé. Ó ń lu páànù débi pé ẹni tó wà níwájú kò gbọ́ ohùn ara rẹ̀. Ewì Gẹ̀ẹ́sì ló wà nínú àtòjọ iṣẹ́ aago náà, ṣùgbọ́n ta ni yóò gbọ́ ọ? Ó kó gbogbo wọn jọ sórí ẹní, ó gbé àwọn tó kéré jù sórí itan, ó sì ń fi ọwọ́ àti ojú sọ ìtàn Ìjàpá. Nígbà tí òjò rọlẹ̀ díẹ̀, ó fi ẹnu sọ ìyókù ní Yorùbá. Wọ́n ń gbe orin rẹ̀.

Ó bẹ̀rù pé Mọ́mì lè bá òun wí, nítorí Gẹ̀ẹ́sì ni òbí ń sanwó fún. Mo sọ fún un pé kò sí ohun tó ṣe tó burú. Ètò ẹ̀kọ́ orílẹ̀-èdè tí ìjọba kọ́kọ́ gbé jáde ní 1977 ti ní èdè abínibí ni kí a fi máa kọ́ irú àwọn ọmọ wọ̀nyí. Ṣáájú ìgbà yẹn, ní 1970, Babátúndé Fáfúnwá àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ìwádìí wọn ní Ilé-Ifẹ̀, níbi tí wọ́n ti fi Yorùbá kọ́ ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ fún ọdún mẹ́fà gbáko. Gẹ̀ẹ́sì àwọn ọmọ náà kò sì kẹ́yìn. Ọmọ tí ẹ̀rù ń bà, èdè ilé ni yóò tù ú nínú.

Aago mẹ́wàá ààbọ̀

Oúnjẹ. Kúlà jọ kúlà, igò omi jọ igò omi, orúkọ ara àwọn mìíràn ti pa rẹ́. Ìrẹsì wà níbẹ̀, mọ́ínmọ́ín wà, Indómì pọ̀. Màmá ló ń tọ́ka: ti ẹni báyìí nìyí, ti lágbájá nìyẹn, ìbejì ló ni méjèèjì yìí, má jẹ́ kí wọ́n pààrọ̀ ṣíbí, wọn yóò jà.

Lẹ́yìn èyí ni wọ́n fà á sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

“Ṣé o rí ọmọbìnrin tó wọ súwẹ́tà yẹn? Má jẹ́ kó bọ́ ọ o. Má fi omi tútù fọ ẹsẹ̀ rẹ̀. Fún un lómi mu dáadáa, kó máa mu ún lóòrèkóòrè. Bó bá ní ẹsẹ̀ ń dun òun, eré kọ́ o. Pe ìyá rẹ̀ kíá.”

Kò pọn dandan kí wọ́n dárúkọ àìsàn náà. Fòníkú-fọ̀ladìde ni. Òtútù lè gbé e dìde, àìmu omi tó lè gbé e dìde. Òjò ọjọ́ náà ti mú kí gbogbo ilẹ̀ yàrá tutù. Adelé yẹ rẹ́jísítà wò láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin: orúkọ ọmọ, ọjọ́ ìbí, nọ́ńbà fóònù òbí. Kò sí ohun mìíràn níbẹ̀. Àjọ Ìlera Àgbáyé ṣírò rẹ̀ pé ọmọ bí 150,000 ni wọ́n ń bí pẹ̀lú àìsàn yìí lọ́dọọdún ní Nàìjíríà. Ẹni tó bá ń tọ́jú ọmọ ọlọ́mọ nílẹ̀ yìí gbọ́dọ̀ rò ó pé ọ̀kan lè wà níwájú òun.

Ibí ni ọ̀rọ̀ náà ti ká mi lára. Ohun tó lè pa ọmọ tàbí kó gbà á là, orí olùkọ́ tó wà nílé tó ń fọ́mọ lọ́mú ló wà, àti orí obìnrin arúgbó tí owó rẹ̀ kéré jù nínú gbogbo òṣìṣẹ́ ilé-ìwé náà. Bí Màmá bá ṣàìsàn lọ́jọ́ náà ńkọ́? Àwọn tó ń wá yẹ ilé-ìwé wò kí wọ́n tó fún un níwèé àṣẹ máa ń wo fẹ́ǹsì, wọ́n ń wo ilé ìgbọ̀nsẹ̀, wọ́n ń wo ìwé ẹ̀rí olùkọ́, ó sì dára bẹ́ẹ̀. Mo fẹ́ kí wọ́n máa béèrè ìwé kan sí i, èyí tí ohun tó yẹ kí àlejò mọ̀ nípa ọmọ kọ̀ọ̀kan wà nínú rẹ̀. Kò ní ná ẹnikẹ́ni ju owó ẹkisasáìsì-búùkù lọ.

Aago méjìlá sí aago kan

Wọ́n sùn. Ó pààrọ̀ pámpá, ó sá aṣọ tó tutù, ó jẹ ẹ̀wà díẹ̀ lórí ìdúró. Ó ń lọ fọwọ́ kan ọmọ súwẹ́tà lọ́rùn lóòrèkóòrè bóyá ara rẹ̀ gbóná. Kò gbóná.

Aago méjì

Àwọn òbí bẹ̀rẹ̀ sí í dé, ṣùgbọ́n ọjọ́ ọjà ni, ọ̀pọ̀ ìyá ni yóò pẹ́. Mọ́mì ti lọ sí Adó. Ọkùnrin kan gun ọ̀kadà wá, ó ní òun fẹ́ mú àwọn ìbejì lọ, àbúrò bàbá wọn ni òun. Àwọn ìbejì náà rí i, wọ́n sì sáré lọ bá a tayọ̀tayọ̀.

Adelé wo Màmá. Màmá mirí: àwọn kò rí i rí.

Ẹ jẹ́ kí n rán yín létí ohun tó wà lọ́kàn gbogbo olùkọ́ ní apá gúúsù Èkìtì. Ní ọjọ́ 29 oṣù Kìíní 2024, àwọn agbébọn dá ọkọ̀ ilé-ìwé kan dúró lọ́nà láàárín Èmùré àti Eporo, wọ́n sì kó àwọn ọmọ àti olùkọ́ wọn wọgbó. Ọjọ́ 4 oṣù Kejì ni wọ́n tó fi wọ́n sílẹ̀. Láti ìgbà náà, ẹnikẹ́ni tó bá ń fa ọmọ lé ènìyàn lọ́wọ́ ní Ìkẹ́rẹ́, ní Ìsẹ̀ tàbí ní Èmùré mọ ohun tó ń ṣe.

“Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ má bínú,” ni ó wí, ó sì kúnlẹ̀. “Mo fẹ́ pe ìyá wọn ná.”

“Ṣé mo jọ gbọ́mọgbọ́mọ lójú ẹ ni? Ṣé o ò rí i bí wọ́n ṣe dì mọ́ mi?”

“Mo rí i, sà. Ọjọ́ kìíní mi nìyí, n kò tíì mọ̀ yín. Ẹ bá mi jókòó.”

Ó pe ìyá wọn, kò gbé e. Ó tún un pè. Ariwo ọjà, bóyá kò gbọ́. Ọkùnrin náà ń bínú, ó ń sọ pé àwọn tó ti ń sanwó ilé-ìwé yìí láti ọjọ́ pípẹ́ ni ọmọ àná ń dá dúró. Màmá gbé àga fún un, wọ́n fún un lómi, wọ́n sì ti géètì. Àwọn ìbejì ti jókòó lé e lẹ́sẹ̀ méjèèjì. Nígbà tí ìyá wọn pè padà, ó ní bẹ́ẹ̀ ni o, àbúrò ọkọ òun ni, láti Àkúrẹ́ ló ti dé láàárọ̀, ó yẹ kí òun ti tẹ̀ wọ́n láago. Ó ní kí adelé gbé fóònù fún ọkùnrin náà, ó sì bá a sọ̀rọ̀. Ọkùnrin náà kó àwọn ọmọ, kò dáhùn nígbà tí wọ́n kí i pé ó dàbọ̀.

Mo bi ọ̀dọ́bìnrin náà bóyá ìbínú ọkùnrin náà dùn ún. Ó ní ó dun òun. Ó ní òun yóò tún ṣe bẹ́ẹ̀ lọ́la.

Aago márùn-ún

Ọmọ tó kù kẹ́yìn lọ. Nígbà tí Mọ́mì dé láti Adó, adelé ro ẹjọ́ àwọn ìbejì fún wọn, ó sì béèrè ìwé kan tí òbí kọ̀ọ̀kan yóò ti kọ orúkọ àwọn tó lè wá mú ọmọ. Mọ́mì ní ó tọ́, wọ́n fún un ní ẹkisasáìsì-búùkù méjì láti inú dúrọ́ọ̀.

Lálẹ́, ó pe olùkọ́ tó wà nílé. Ó kọ́kọ́ kí i kú ewu ọmọ, ó béèrè ara ìkókó, lẹ́yìn náà ó ṣí ìwé, ó sì ń pe orúkọ lọ́kọ̀ọ̀kan. Wọ́n jọ sọ̀rọ̀ títí owó fóònù fi tán. Obìnrin náà fi tirẹ̀ pè padà. Ẹni báyìí kì í jẹ ẹyin, ó máa ń sú sí i lára. Ẹni báyìí, ìyá àgbà ló ń tọ́ ọ, má retí pé kó mọ Gẹ̀ẹ́sì. Ó kọ gbogbo rẹ̀.

“Àti èyí tó ní sálúbàtà pupa,” ni obìnrin náà wí, “bó bá sọ pé inú ń run òun lẹ́yìn oúnjẹ, póò ló ń wá. Má dúró béèrè nǹkan kan. Gbé e sáré.”