Ọ̀wẹ̀ Kọ̀ǹpútà

Ní àwọn abúlé tí ó yí Mọ́níyà ká, bí iṣẹ́ oko bá pọ̀ ju agbára ẹnì kan lọ, ọ̀nà méjì ni àwọn baba wa ń gbà ṣe é. Èkíní ni àáró: mo bá ọ ro tìrẹ lónìí, o bá mi ro tèmi lọ́la. Èkejì ni ọ̀wẹ̀: olóko a bẹ àna, ọ̀rẹ́ àti aládùúgbò, a sì se oúnjẹ fún wọn. Èmi tí mo ń kọ́ ẹ̀kọ́ èdè a máa wá ọ̀rọ̀ Yorùbá tí ó bá ohun tuntun mu. Ọ̀wẹ̀ ni mo yàn fún iṣẹ́ tí mo fẹ́ ròyìn yìí, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹni tí a bẹ̀ ni ń gbé oúnjẹ ara rẹ̀ dání níhìn-ín, nítorí òun ni ń sanwó iná.

Àwọn onímọ̀ ìjìnlẹ̀ tí ìṣirò wọn pọ̀ ju agbára kọ̀ǹpútà wọn lọ a gé e wẹ́wẹ́, wọ́n a sì fi í ránṣẹ́ sí ẹnikẹ́ni tí ó bá yọ̀ǹda kọ̀ǹpútà ilé rẹ̀. Ní 1999 ni SETI@home bẹ̀rẹ̀ ní Berkeley, tí wọ́n ń fi wá ìró ẹ̀dá mìíràn lójú ọ̀run. Ní 2000 ni Folding@home bẹ̀rẹ̀ ní Stanford, láti mọ bí purotéènì inú ara ènìyàn ṣe ń ká.

Èyí tí ó kàn wá jù ni Africa@home, tí CERN àti àwọn alábàáṣe rẹ̀ ní Geneva gbé jáde ní oṣù Keje, 2006. Iṣẹ́ rẹ̀ àkọ́kọ́ ni MalariaControl.net, ti Swiss Tropical Institute ní Basel, tí ó ń ṣírò bí ibà ṣe ń ràn, àti ohun tí àwọ̀n ẹ̀fọn, oògùn tàbí abẹ́rẹ́ àjẹsára lè ṣe sí i. Nígbà ìdánwò, àwọn olùyọ̀ǹda 500 péré ṣe iṣẹ́ tí ìbá gba kọ̀ǹpútà kan ní 150 ọdún. Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà!

Ṣùgbọ́n níbo ni wọ́n ti rí ohun tí wọ́n ń ṣírò? Láti 1969 títí di 1976, Àjọ Ìlera Àgbáyé àti ìjọba Nàìjíríà ṣe ìwádìí ibà ní Garki, ní ilẹ̀ Kánò ìgbà náà, tí ó ti bọ́ sí Jigawa báyìí. Ọ̀sẹ̀ mẹ́wàá mẹ́wàá ni wọ́n ń gba ẹ̀jẹ̀ tọmọdé tàgbà. Àkọsílẹ̀ Matsari, Sugungum àti Rafin Marke wà lára ohun tí àwọn ará Basel fi díwọ̀n ìṣirò wọn. Ẹ̀jẹ̀ ọmọ àgbẹ̀ di nọ́ńbà, nọ́ńbà náà sì ń yí nínú kọ̀ǹpútà àwọn tí kò mọ ọ̀nà Kánò rí.

Ọpọlọ kọ̀ǹpútà lásán ni iṣẹ́ ibà yẹn lò. Ní 2006 kan náà ni Folding@home bẹ̀rẹ̀ sí í lo káàdì ayàwòrán, èyí tí a dá fún eré orí kọ̀ǹpútà. Ọpọlọ kọ̀ǹpútà dà bí àgbẹ̀ mélòó kan tí ó mọ iṣẹ́ gbogbo. Káàdì yìí dà bí ẹgbẹ̀rún ọmọdé tí ń kọ ebè kan náà lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Nígbà àrùn Kòrónà, ní oṣù Kẹta, 2020, agbára Folding@home kọjá ìṣirò bílíọ̀nù lọ́nà bílíọ̀nù ní ìṣẹ́jú àáyá kan.

Níbi tí máàkì bá wà, ìdíje a dé. Ẹni tí ó bá tètè parí ni máàkì rẹ̀ ń pọ̀, nítorí náà àwọn kan a ti eré káàdì wọn sókè ju bí ilé-iṣẹ́ tí ó ṣe é ti fi sí. Bí eré bá ju iná tí ó ń mu lọ, àṣìṣe a wọlé. Nínú eré ìdárayá, àbàwọ́n lásán ni lójú àwòrán. Nínú ìṣirò àrùn, irọ́ ni. Ìdí nìyí tí ọ̀pọ̀ iṣẹ́ báyìí fi ń rán ìṣirò kan náà sí ilé méjì, tí wọ́n a sì fi èsì wé èsì. Ní tèmi, ẹni tí ń fi ìkánjú ba èsì jẹ́ kò wá sí ọ̀wẹ̀. Ó wá tú ebè olóko ká ni.

Káàdì tòkunbọ̀ ni èmi àti ọ̀rẹ́ mi ń lò ní Mọ́níyà, nínú yàrá tó móoru. Dídín ni a ń dín in, a kì í fi kún un: a dín iná tí ó ń mu kù díẹ̀díẹ̀, a fi eré rẹ̀ sí ibi tí kò ti ń ṣàṣìṣe, a sì ń gbọn eruku ọyẹ́ kúrò lára fáànù rẹ̀. Ọ̀rẹ́ mi ní ó ń rìn bí ìgbín. Bí iná bá lọ, ó ti kọ ibi tí ó dé sílẹ̀, ibẹ̀ ni yóò sì ti bẹ̀rẹ̀ bí iná bá dé, àfi bí òkùnkùn bá pẹ́ ju ọjọ́ tí wọ́n dá fún wa lọ. Nígbà náà, wọ́n a gbé iṣẹ́ náà fún ẹlòmíràn.