Williston: Bí ìlú kékeré bá ṣàdédé fẹ̀, kí ló ń ṣẹlẹ̀ sí ìwà ipá níbẹ̀?

Tí ẹ̀gbọ́n yín tó wà ní Amẹ́ríkà bá sọ pé òun ti ríṣẹ́ sí ìlú kékeré kan tó ń dàgbà, ẹnìkan nínú ẹbí máa wò ó lórí Google bóyá ìlú náà láàbò. Ohun tó sábà máa ń jáde ni àkọlé bíi "ìwà ọ̀daràn ti di ìlọ́po méjì." Kí ẹ tó ní kó má lọ, ẹ jẹ́ ká jọ wo ìlú kan tí irú rẹ̀ ti ṣẹlẹ̀ rí. Mo mú Williston, ní ìpínlẹ̀ North Dakota, torí pé ìwádìí ti wà lórí agbègbè náà.

Báwo ni Williston ṣe fẹ̀?

Epo rọ̀bì pọ̀ nínú àpáta tó wà lábẹ́ ilẹ̀ agbègbè náà, tí wọ́n ń pè ní Bakken. Láti nǹkan bí ọdún 2008 ni iṣẹ́ epo ti gbóná níbẹ̀. Nígbà ètò ìkànìyàn 2010, èèyàn 14,716 ló wà ní Williston. Nígbà tó fi máa di 2020, wọ́n ti di 29,160.

Ọ̀pọ̀ àwọn tó dé jẹ́ ọkùnrin tó fi ẹbí sílẹ̀ nílé wá wá owó. Ilé ò tó. Àwọn kan ń gbé ní àgọ́ òṣìṣẹ́, àwọn mìíràn ń sun inú ọkọ̀ níbi ìgbọ́kọ̀sí Walmart. Ní 2014, ìwádìí kan lórí owó ilé gbé Williston ṣáájú New York pàápàá!

Ṣé ìwà ipá pọ̀ sí i lóòótọ́?

Bẹ́ẹ̀ ni. Ní 2019, ẹ̀ka ìṣirò tó wà lábẹ́ ilé iṣẹ́ ìdájọ́ Amẹ́ríkà gbé ìwádìí jáde lórí Bakken, tó dé North Dakota àti Montana. Láàárín 2006 sí 2012, ìwọ̀n ìwà ipá tó dé etí ọlọ́pàá níbẹ̀ fi ìdá 23 nínú 100 lọ sókè. Láwọn agbègbè ìtòsí tí kì í ṣe Bakken, ńṣe ló fi ìdá 8 wálẹ̀. Ti kí wọ́n lu èèyàn ní àlùbolẹ̀, tàbí kí wọ́n fi nǹkan ìjà ṣe é léṣe, fi ìdá 70 lọ sókè.

Ní January 2012, ọkùnrin méjì tó wá wáṣẹ́ epo jí olùkọ́ kan gbé níbi tó ti ń sáré ìdárayá láàárọ̀ ní Sidney, ìlú Montana kan tí kò jìnnà sí Williston. Wọ́n pa á. Ẹ̀rù ba gbogbo agbègbè náà.

Ìṣirò tó ń tan èèyàn jẹ

Nǹkan mẹ́rin ni àjọ FBI ń kà sí ìwà ọ̀daràn oníwà ipá: ìpànìyàn, ìfipábánilòpọ̀, ìfipájalè àti ìkọlù tó le. Wọ́n á wá ṣírò rẹ̀ sórí èèyàn 100,000.

Ẹ wo àpẹẹrẹ yìí. Ká ní ẹjọ́ 30 ló wà nígbà tí ìlú ní èèyàn 14,716, tó wá di 60 nígbà tí wọ́n di 29,160. Àkọlé ìròyìn á ní ó ti di ìlọ́po méjì, irọ́ kọ́. Àmọ́ tí ẹ bá pín in sórí èèyàn 100,000, láti 204 sí 206 ni. Ewu tó wà fún ẹnì kọ̀ọ̀kan ò fẹ́rẹ̀ẹ́ yí padà rárá.

Ìpànìyàn tún burú jù láti fi ṣèdájọ́. Nínú èèyàn 29,160, ẹyọ kan já sí 3.4 fún 100,000, mẹ́ta já sí 10.3. Ìlú kan náà lè dà bí ibi àlàáfíà lọ́dún yìí, kó dà bí ojú ogun lọ́dún tó ń bọ̀.

Ọ̀fìn mìíràn tún wà o. Ibi tí èèyàn ń gbé jù ni wọ́n máa ń kà á sí nígbà ìkànìyàn. Òṣìṣẹ́ tó ń ṣe ọ̀sẹ̀ díẹ̀ ní Williston, tó ń padà sílé ní Texas, ará Texas ni. Tó bá jà nílé ọtí Williston, ìjà yẹn wọ ìwé ọlọ́pàá Williston, àmọ́ òun ò sí lára iye ará ìlú. Ìyẹn lè mú kí ìwọ̀n náà ga ju bó ṣe yẹ lọ.

Kí ló wá yẹ kí ẹ wò?

Ẹ wo ọdún márùn-ún pọ̀, kì í ṣe ọdún kan. Ẹ fo 2021 tí nọ́ńbà rẹ̀ bá rí bákan, torí ọdún yẹn ni FBI yí ọ̀nà tó ń gbà gba àkọsílẹ̀ padà, ọ̀pọ̀ ọlọ́pàá ò sì fi tiwọn ránṣẹ́. Ẹ béèrè irú ìwà ipá tó ń pọ̀ sí i, torí ìjà ilé ọtí yàtọ̀ sí ìfipájalè ní títì.

Paríparí rẹ̀, ẹ béèrè bóyá ilé wà. Lójú tèmi, èyí ló ṣe pàtàkì jù. Ní Williston, èèyàn ti dé kí ilé àti ọlọ́pàá tó tó. Obìnrin tí ọkọ ń lù níbi tí owó ilé ti wọ́n tó bẹ́ẹ̀, níbo ló fẹ́ sá lọ? Tí ẹ̀gbọ́n yín bá ti rí ilé tó dáa, tí owó rẹ̀ ò ga ju agbára lọ, ìyẹn máa sọ púpọ̀ fún yín ju àkọlé ìròyìn lọ.