Ọ̀rọ̀ Kékeré Tí Ń Tọ́ka Sí Ẹ̀rí

Nígbà tí a bá ń ka ìtàn ní èdè Gẹ̀ẹ́sì, ó yẹ kí a kíyèsí ọ̀rọ̀ méjì: "may be seen" àti "must have been." Èkínní wí pé ẹ̀rí mbẹ, ẹ lè lọ wò ó. Èkejì wí pé a kò rí i, ṣùgbọ́n òye wa gbé e bẹ́ẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a wo ìwé ìtàn Yorùbá tí Àlùfáà Samuel Johnson parí ní 1897, tí a sì tẹ̀ jáde ní 1921. Nípa orírun wa, ó tọ́ka sí ìwé Sultan Bello ti Sókótó, tí apá kan rẹ̀ jáde nínú ìwé ìrìn-àjò Clapperton ní 1826. Ẹni tí ó bá fẹ́ lè kà á. Ṣùgbọ́n pé apá òkè Éjíbítì tàbí Nubia ni àwọn baba wa ti wá, òye Johnson fúnra rẹ̀ ni.

Bí a bá wá túmọ̀ irú òye bẹ́ẹ̀ sí "wọ́n ti ibẹ̀ wá," tí a kò wí pé "ó jọ pé," a ti sọ àbá di ẹ̀rí níwájú àwọn ọmọ ilé-ìwé. Ẹ̀bi náà kì í ṣe ti Johnson, tiwa ni. Ìròyìn kò tó àfojúbà.