Ibi Tí A Bá Pè Lórí: Ọ̀rọ̀ Lórí Kírọ́sófà Sípíkà Àfọwọ́ṣe

Àwọn àgbà ní, ibi tí a bá pè lórí, a kì í fi tẹlẹ̀. Ẹni tó bá fojú di bàbá rẹ̀ la sábà máa ń pa òwe yìí fún, ìtumọ̀ tí gbogbo wa sì mọ̀ ni pé ká bọ̀wọ̀ fún ẹni tí ọ̀wọ̀ tọ́ sí. Mi ò ta ko ìyẹn. Ṣùgbọ́n ẹ tún òwe náà gbọ́: kò bú ẹsẹ̀ rárá. Ẹsẹ̀ ló ń gbé orí kiri, orí ló ń júwe ọ̀nà fún ẹsẹ̀. Ohun tí òwe náà kọ̀ ni kí á gba iṣẹ́ lọ́wọ́ ọ̀kan gbé fún èkejì. Inú àpótí sípíkà ni ìtumọ̀ yìí ti yé mi, èéfín ló sì fi kọ́ mi.

Ní Egan, àdúgbò wa níbí, kò ṣòro láti kan sípíkà fúnra ẹni. Káfíńtà wà, pákó wà. Ẹni tó bá ní owó mọ́tò lọ́wọ́ á gba ojú ọ̀nà LASU lọ sí Ìyànà Ìbá, á yà sí ọjà Alábà ní Ọ̀jọ́, á sì gbé wúfà àti tuwítà bọ̀. Á ti béèrè íǹṣì, á ti béèrè wáàtì. Kírọ́sófà nìkan ni kì í béèrè nǹkan kan nípa rẹ̀. Èyí tó bá wà lórí káńtà ló máa gbé. Bẹ́ẹ̀, kírọ́sófà ló ń pín ohùn tó ti inú amplifier jáde: ohùn wúwo fún wúfà, ohùn tín-ín-rín fún tuwítà.

Onílù bàtá kò nílò àlàyé lórí èyí. Ìyá ìlù bàtá ní ojú méjì: ojú òjò tó tóbi, tí a ń fi àtẹ́lẹwọ́ lù, àti ṣáṣá tó kéré, tí a ń fi bílálà nà. Ojú kọ̀ọ̀kan ní ohun tí a fi ń bá a sọ̀rọ̀.

Nínú àpótí tiwa, kọ́ìlì àti kapásítọ̀ ló ń ṣe iṣẹ́ yẹn. Kọ́ìlì jẹ́ wáyà bàbà tí a wé yípo yípo. Ohùn tó ń gbọ̀n díẹ̀díẹ̀ ń gba inú rẹ̀ kọjá wọ́ọ́rọ́wọ́, èyí tó ń gbọ̀n wéréwéré ló ń dí lọ́nà. Kapásítọ̀ ń ṣe òdì kejì rẹ̀. Ká ní wúfà àti tuwítà jẹ́ ohm 8, tí a fẹ́ kí wọ́n pààlà ní hertz 2,500, ìyẹn ni pé kí afẹ́fẹ́ gbọ̀n nígbà 2,500 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Kapásítọ̀ microfarad 8 fún tuwítà àti kọ́ìlì millihenry 0.5 fún wúfà ti tó fún ibodè tó rọrùn jù. Ṣùgbọ́n ibodè náà kò le: tí ohùn bá ti sọ̀kalẹ̀ dé 1,250, nǹkan bí decibel 7 péré ló fi ń dín in kù fún tuwítà. Tí a bá fi kapásítọ̀ kan àti kọ́ìlì kan sí ọ̀nà kọ̀ọ̀kan, ó lè dé 14. Irú èyí tí mo fẹ́ràn jù ń jẹ́ orúkọ Siegfried Linkwitz àti Russ Riley, onímọ̀ ẹ̀rọ méjì ní Hewlett-Packard ní Amẹ́ríkà. Ọdún 1976 ni Linkwitz tẹ àlàyé rẹ̀ jáde. Microfarad 4 àti millihenry 1 ni tiwọn máa jẹ́ níbi ààlà wa yìí. A sì gbọ́dọ̀ yí wáyà tuwítà padà, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀, níbi tí wọ́n ti pààlà gan-an, bí ọ̀kan ṣe ń ti afẹ́fẹ́ síwájú ni èkejì á máa fà á sẹ́yìn.

Tuwítà mi àkọ́kọ́ jóná níbi ìsọmọlórúkọ kan, kí iyán tó délẹ̀. Kapásítọ̀ ńlá kan ṣoṣo ni mo so mọ́ ọn, nítorí ẹni tó tà á fún mi ní ó bá gbogbo tuwítà mu. Kò sí èyí tó bá gbogbo wọn mu. Tuwítà kọ̀ọ̀kan ní ibi tí ara rẹ̀ ti ń fẹ́ gbọ̀n fúnra rẹ̀, láàárín hertz 1,000 sí 1,500 fún ọ̀pọ̀ àwọn olórí rìbìtì, ó sì yẹ kí ààlà tó ìlọ́po méjì iye yẹn, ó kéré tán. Wáyà inú rẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́ bí irun. Béèsì tí mo jẹ́ kó dé bá a lọ́jọ́ náà, orí ni mo fi tẹlẹ̀. Amplifier kékeré tí a fipá mú pariwo náà máa ń pa tuwítà: ó ń gé orí ìgbì ohùn, ibi tó gé yẹn sì ń bí ohùn tín-ín-rín tí olórin kò kọ.

Wúfà ní ààlà tirẹ̀. Ti íǹṣì 15 kì í fọ́n ohùn ká mọ́ tó bá ti kọjá nǹkan bí hertz 1,000. Ọ̀kánkán rẹ̀ nìkan ló ń rán an sí. Ti íǹṣì 8 ń gbìyànjú dé nǹkan bí 2,000. Ìdí nìyí tí àwọn tó jókòó sí ẹ̀gbẹ́ àgọ́ fi máa ń bi ara wọn pé kí ni alága ìdúró wí, tó bá jẹ́ íǹṣì 15 àti tuwítà kékeré ni wọ́n so pọ̀.

Èdè wa gan-an ló yẹ kó sọ ibi tí ààlà máa wà. Ẹ wo ìṣẹ́ àti iṣẹ́: ohùn nìkan ló yà wọ́n, gbígbọ̀n ọ̀fun ló sì ń gbé ohùn, èyí tó sábà máa ń wà láàárín hertz 100 sí 150 fún ọkùnrin. Iṣẹ́ wúfà nìyẹn. Ẹ wá wo "ó sá" àti "ó ṣá". Ohùn wọn kò yàtọ̀; afẹ́fẹ́ tó ń gba àárín eyín ló yà wọ́n. Ariwo ṣ ń bẹ̀rẹ̀ láti nǹkan bí 2,500, ti s pọ̀ jù lókè 4,000. Kírọ́sófà tó bá fi ihò sílẹ̀ láàárín ibẹ̀ á sọ olè tó sá àti aṣọ tó ṣá di ọ̀kan náà. Ìdí tí mo fi ń fi ààlà sí 2,500 nìyẹn, bí tuwítà bá gbà á, kí ṣ lè wà lọ́wọ́ ẹyọ kan.

Iye tí a ṣírò kò tíì parí ọ̀rọ̀. Ẹ fi mítà wọn wúfà ohm 8, ẹ ó rí nǹkan bí 6, bí ohùn bá sì ṣe ń ga ni iye náà ń gòkè. Résítọ̀ kan àti kapásítọ̀ kan tí a so mọ́ ẹnu wúfà, èyí tó ń jẹ́ orúkọ onímọ̀ ẹ̀rọ Otto Zobel, ló ń tù ú lójú.

Tí mo bá dé ọjà, kapásítọ̀ oníke ni mo ń wá. Èyí tó ní omi nínú ń gbẹ bí ọdún ṣe ń gorí ọdún, ooru ò sì jẹ́ kó pẹ́. Èyí tí wọ́n kọ pọ́sítíìfù àti négátíìfù sí lára kò gbọ́dọ̀ dá wọ ibẹ̀. Amplifier wáàtì 500 lórí ohm 8 ń fẹ́rẹ̀ẹ́ ti volt 90 jáde ní góńgó, nítorí náà kapásítọ̀ volt 250 ni mo ń rà, kì í ṣe ti 50. Wáyà kọ́ìlì wúfà gbọ́dọ̀ nípọn. Èyí tí wọ́n ki irin sí nínú kò wọ́n, ṣùgbọ́n tí iná bá pọ̀, irin á yó, béèsì á sì ha. Kọ́ìlì méjì kì í kọjú síra: mo ń tẹ́ ọ̀kan, mo ń gbé èkejì dúró.

Kí n tó kan ẹ̀yìn àpótí pa, mo máa ń pe ọmọ aládùúgbò kan kó wá sọ̀rọ̀ sí máíkì: "Olè sá, aṣọ ṣá, iṣẹ́ ló lé ìṣẹ́ lọ." Màmá rẹ̀ á dúró níbi ẹ̀rọ omi ní òdì kejì títì. Bó bá ti kígbe pé, "Bọ̀dá, ṣé olè ṣá ló wí?" màá tún gbé irin sọ́dà lé iná.