Thomas Adéoyè Lambo (1923–2004)

Abẹ́òkúta ni a bí Lambo sí. Ó kọ́ ìmọ̀ ìṣègùn ní Yunifásítì Birmingham, ó sì kọ́ ìtọ́jú àrùn ọpọlọ ní Lọ́ńdọ̀nù. Iṣẹ́ tí ó sọ ọ́ di ìlú-mọ̀-ọ́n-ká ni èyí tí ó bẹ̀rẹ̀ ní Aró, lẹ́bàá Abẹ́òkúta, ní 1954. Dípò kí ó sé àwọn aláìsàn mọ́ inú wọ́ọ̀dù, ó fi wọ́n wọ̀ sílé àwọn ará abúlé tí ó yí ilé-ìwòsàn ká. Ìbátan kan ní láti bá aláìsàn wá. Òun ni yóò máa dáná fún un, tí yóò sì máa mú un lọ gba ìtọ́jú. Lambo gba àwọn oníṣègùn ìbílẹ̀ síṣẹ́ pẹ̀lú, ohun tí ọ̀pọ̀ dókítà ìgbà náà kò jẹ́ dán wò. Lójú tèmi, ibí yìí ni ó yẹ kí akẹ́kọ̀ọ́ Yorùbá ti bẹ̀rẹ̀, kì í ṣe ibi oyè rẹ̀.

Ó di Gíwá Yunifásítì Ìbàdàn ní 1968. Sáà rẹ̀ kò rọgbọ: ní oṣù Èrèlé 1971, ìfẹ̀hónúhàn tí ó bẹ̀rẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ oúnjẹ di ìjà, ọlọ́pàá sì yìnbọn pa akẹ́kọ̀ọ́ kan, Kúnlé Adépéjú. Ilé ẹgbẹ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ níbẹ̀ ṣì ń jẹ́ orúkọ rẹ̀. Lọ́dún yẹn náà ni Lambo kúrò nípò. Ó jẹ́ igbákejì ọ̀gá àgbà Àjọ Ìlera Àgbáyé láti 1973 títí di 1988.